Àlàmísì Ni Wọ́n Ń Yẹ Apá Ẹ̀wù Wò

Àlàmísì, 10 Oṣù Kẹwàá 2024

Ọkọ̀ mẹ́jọ ni mo fi sẹ́yìn lónìí. Èmi Tàjúdéènì, bàbá Sodiqat, ọkọ̀ mẹ́jọ! Mo yí kẹ́ẹ̀gì funfun po láàárín omi, mo padà, mo gúnlẹ̀ sí Àpáta Ìfọṣọ, mo jókòó, mo pa obì, mo jẹ ẹ́ tán, mo sì ti ń tòògbé kí ẹni tó ṣe ìkejì tó yọrí.

Ó dáa. Mẹ́rin ni ọkọ̀ tó jáde. Òpó ọ̀kan ṣẹ́ kí a tó kúrò ní èbúté. Ìkejì rí àwọ̀n ara rẹ̀ lọ́nà, ó ní òun ò lè rí ẹja kí òun kàn máa wò ó, ló bá dúró tó ń yọ ọ́. Ó ku èmi àti Samsudeen. Ohun tí mo fi ju Samsudeen lọ ò tó nǹkan, bí mo bá na apá sẹ́yìn, mo lè gbá imú ọkọ̀ rẹ̀ létí. Obì tí mo wí yẹn, ilé ni mo ti jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n mo gbà á, kò sí ohun tó yí ìyẹn padà.

Èmi ni mo jókòó sídìí ọkọ̀ tí mo ń tọ́ ọ. Ràmọ́nì, bàbá Waheedat, wà níwájú, ó di okùn ìgbòkun mú, kò sọ̀rọ̀, ó kàn ń wúwo. Àpò sìmẹ́ǹtì ni mo ń pè é. Láti ìgbà tí a ti jọ ń kọ́ òfì híhun ní Ìsẹ́yìn ni mo ti ń pè é bẹ́ẹ̀, ó sì ti pẹ́ tó ti jáwọ́ nínú bíbínú sí i.

Òfin Cornelius yóò pa mí lẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan. Nínú oòrùn yìí, ẹ̀wù alápá gígùn ni gbogbo wa gbọ́dọ̀ wọ̀, àjẹ̀ tí mo fi ń tọ́ ọkọ̀, ó fi okùn dè é mọ́ ìdí ọkọ̀ kí n má baà fi wa omi. Bí eré bá parí, ẹni tó ṣe ìkejì á wá di apá ẹ̀wù ẹni tó gbà á mú. Bó bá tutù, ọwọ́ lonítọ̀hún fi wa omi nìyẹn, kó máa lọ ilé rẹ̀. Samsudeen di tèmi mú, ó fún un títí.

Mo ní, "Samsudeen, ṣé màálù ni mo jọ lójú rẹ, tí o fi ń fún mi bíi pé wàrà fẹ́ jáde?"

Cornelius ní, "Ẹ jẹ́ kó ṣe iṣẹ́ rẹ̀, Bàbá Sodiqat. Samsudeen, ṣé ó gbẹ?"

"Ó gbẹ, sà. Àfi ẹnu wọn ló tutù."

Cornelius yìí, bẹntiróòlù ló ń tà fún àwọn ọlọ́kọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì tẹ́lẹ̀. Bẹntiróòlù wọ́n gógó, oníkálukú tú ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, a ta ìgbòkun, ọjà rẹ̀ kú, a sì fi í jẹ adájọ́ kó má baà sunkún. Ó tún bọ́ sí i, torí onígbàgbọ́ ni: bí Ládánì bá pe Màgàríbì, gbogbo wa la ó máa sáré lọ, òun nìkan ni ojú rẹ̀ ṣì máa wà lórí omi. Ìpè Ládánì yẹn náà ló sì ń pa eré. Ẹni tó bá ti yí kẹ́ẹ̀gì po, tó sì sún mọ́ Àpáta jù nígbà tí ìpè bá dún, òun ló ni ọjọ́ náà.

Mo pe Sodiqat lórí fóònù. Mo ní kó máa bá fáànù tó gbé sí yàrá tó kùn dè mí sọ̀rọ̀, torí èmi ò bọ̀.

Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin lẹ fẹnu ara yín sọ ọ́ nílé mi nígbà Iléyá. Ẹni tó bá gba Àlàmísì jù láti òní títí ọyẹ́ yóò fi wọlé. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin, ẹ jókòó ti omi yín. Bó bá jẹ́ ẹlòmíràn, ẹ ó kó ẹrù yín wá sí Ìsẹ́yìn."

Mo ní kó lọ fi yàrá náà tọ́ adìẹ.


Àlàmísì, 17

Òjò. Kò séré. Mo se ẹ̀wà, Ràmọ́nì ò wá jẹ ẹ́. Ó ránṣẹ́ pé ẹ̀yìn ń dun òun. Ẹ̀yìn tí kò ṣe ohunkóhun láti ọdún mélòó!


Àlàmísì, 24

Ràmọ́nì dà mí.

Mo fẹ́ kọ ọ́ báyìí nìkan kí n pa ìwé dé, ṣùgbọ́n kò tó mi.

Mo ti gbé òpó dúró lẹ́yìn Àsárì, mo ń retí rẹ̀. Mo rí i tó ń bọ̀, mo pariwo, "Àpò sìmẹ́ǹtì! Ṣé o jẹun kánú? Afẹ́fẹ́ òní fẹ́ ẹrù o!" Ó kọjá lára mi. Kì í ṣe pé kò kí mi. Ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́." Ẹ! Ràmọ́nì pè mí ní ẹ! Láti ìgbà tí a ti jọ ń jí àgbàdo olóko sun, kò pè mí ní ẹ rí. Ó gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀ Samsudeen, ó jókòó síwájú, ó di okùn mú.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé eré ló ń bá mi ṣe, pé ó fẹ́ san díẹ̀ padà nínú èyí tí mo ti ń ṣe fún un látọjọ́ yìí. Samsudeen wá ta ìgbòkun rẹ̀.

Títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àpò ìrẹsì tí wọ́n rán pọ̀ ni Samsudeen ń lò, a máa dún pàrà-pàrà bí ewé gbígbẹ. Èyí tó ta lónìí, òfì ni. Fọ́nrán-fọ́nrán, òwú tẹ́ẹ́rẹ́ funfun, ó fúyẹ́ débi pé afẹ́fẹ́ tí kò lè mi irùngbọ̀n mi ti gbé e. Mo wo etí aṣọ náà. Láti kékeré tí ọ̀bẹ ti gé àtàńpàkò òsì Ràmọ́nì ni kò ti lè fa òwú ẹ̀gbẹ́ òsì le mọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń yí i kó tó padà. Etí òsì aṣọ rẹ̀ a máa nípọn bí ètè ẹni tí oyin ta. Kò sí ẹni tó ń hun bẹ́ẹ̀ mọ́ ní gbogbo Ìsẹ́yìn. Mo ti fi ètè yẹn ṣe é ní yẹ̀yẹ́ níwájú oníbàárà, níwájú àna rẹ̀, níwájú ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́. Gbogbo fọ́nrán tó wà nínú ìgbòkun Samsudeen ló ní ètè.

Iṣẹ́ ọjọ́ kan kọ́ nìyẹn. Ó ti ń hun ún láti ìgbà òjò. A jọ ń jẹ ẹ̀wà nínú abọ́ kan, ó ń lọ sílé lọ hun aṣọ tí wọ́n máa fi lé mi kúrò lórí omi.

Mo dá ọkọ̀ tọ́. Mo di okùn mú, mo di àjẹ̀ mú, iwájú fúyẹ́, imú ọkọ̀ gbé sókè bí ajá tó ń gbóòórùn. Samsudeen gbà á. Nígbà tí mo kan Àpáta, Ràmọ́nì ti lọ ṣe àlùwàlá.


Jímọ́, 25

Apá ọ̀tún ni Ràmọ́nì máa ń jókòó sí ní mọ́sálásí. Mo jókòó sí apá òsì. Mi ò gbọ́ ohun tí Lèmọ́ọ̀mù wàásù lé lórí, àfi ibi tó ti dárúkọ ọ̀rẹ́.


28 Oṣù Kẹwàá

Mo ti rí ẹni tó máa jókòó síwájú. Ìyá Treasure ni, obìnrin Ògbóòrò tó ń yan ẹja ní etí omi. Mo bá a nídìí ààrò.

Mo ní, "Ìyá Treasure, mo wá fẹ́ ọ."

Ó ní, "Ẹ kọ́kọ́ san ti ẹja ọjọ́sí."

"Ọkọ̀ ni mo ní kí o bá mi wọ̀. Ara rẹ yá gágá, o sì ní ìwọ̀n."

"Ta ló ní ìwọ̀n? Bàbá Sodiqat, ṣé èmi lẹ ń bá wí?"

"Ìwọ̀n iyì ni mo ń wí."

Ó nu ọwọ́ tó fi ń yí ẹja sí ìró, ó wò mí. "Wọ́n ní Bàbá Waheedat ti fi yín sílẹ̀."

"Èmi ni mo lé e."

"Ẹ̀n-ẹ́n. Mo gbọ́." Ó tún yí ẹja kan. "Màá wá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dárúkọ sìmẹ́ǹtì fún mi láàárín omi, ẹ̀yin lẹ máa lúwẹ̀ẹ́ délé."


Àlàmísì, 31

Mo pàdánù, ọwọ́ mi ni mo sì fi ṣe é.

Afẹ́fẹ́ ìrọ̀lẹ́ ibí yìí kì í dúró sójú kan. Á fẹ́ wá láti apá àpáta, á yí sí apá igbó, á sinmi, á tún bẹ̀rẹ̀ níbi tí o ò fojú sí. Gbogbo wọn ń wo ojú omi bí ẹni tó sọ owó sínú rẹ̀. Èmi àti Ràmọ́nì, èéfín ààrò Ìyá Treasure la máa ń wò. Ibi tí èéfín bá yí sí, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ń bọ̀ wá bá wa láìpẹ́. A ò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ohun tó jẹ́ kí n máa gbà á nìyẹn, kì í ṣe ọgbọ́n kan tí mo ń fọ́nnu rẹ̀.

Mo dé àárín omi lónìí, mo gbójú sókè láti wo èéfín. Kò séèéfín. Mo wo ìhín, mo wo ọ̀hún. Mo ní, "Ìyá Treasure, ààrò rẹ ńkọ́?"

Ó ní, "Èwo nínú rẹ̀? Mo ti paná. Ta ni ẹ fẹ́ kó máa yí ẹja fún mi?"

Mo gbé èéfín sínú ọkọ̀! Mo gbé e sí iwájú mi, mo wọ̀ ọ́ ní ẹ̀wù alápá gígùn! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ó bi mí pé kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín, mi ò lè sọ fún un.

Ṣùgbọ́n nígbà tí Samsudeen kọjá lára mi, tí Ràmọ́nì ń wo iwájú bíi pé òkúta ni mo jẹ́ létí ọ̀nà, ẹ̀rín náà tán. Ó dá mi lójú pé Ràmọ́nì ti sọ ọ̀rọ̀ èéfín fún un. Samsudeen ti gba méjì, èmi ọ̀kan. Mo ti ń rí Sodiqat lójú inú tó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì dè mí.


2 Oṣù Kọkànlá

Owó gààrí tún ti lé sí i. Mo lẹ ìgbòkun mi níbi tó ya. Mo ní kí Ìyá Treasure bá mi wá igi tútù, kó kó o sínú ààrò kó tó wọ ọkọ̀ ní Àlàmísì, kí iná máa jó díẹ̀díẹ̀ kó máa rú èéfín. Ó ní ṣé mo fẹ́ ba ẹja òun jẹ́ ni. Mo wá sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ó gbé ọwọ́ lé ìbàdí.

"Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí ẹ ń kí mi láti orí omi, tí ẹ ń ju ọwọ́, èéfín lẹ ń wò?"

Mo ní mo ń wo òun náà díẹ̀.


Àlàmísì, 7

Mo gbà á! Méjì sí méjì!

Èéfín rú bíi ti ilé tó ń jó. Afẹ́fẹ́ ti wà ní apá igbó láti ìgbà tí a ti gbéra, Samsudeen sì gbá apá igbó mú bí ọmọ tó di ìyá rẹ̀ mú lọ́jà. Mo rí èéfín tó tẹ̀ wá láti apá àpáta. Mo yí ọkọ̀. Ìyá Treasure ní, "Bàbá, gbogbo wọn wà lọ́hùn-ún o!" Mo ní kó fa okùn. Kò pẹ́ tí afẹ́fẹ́ fi bá wa, ó gbé wa bí ẹni gbé ìyàwó, àwọn tó kù dúró sójú kan tí aṣọ wọn rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀.

Ohun kan wà tí kò yé mi. Kí n tó yí ọkọ̀, mo bojú wo Ràmọ́nì. Èéfín ló ń wò. Mo rí i dájú. Ó wò ó, ó wò mí, ó sì tẹ orí ba, kò sọ nǹkan kan fún Samsudeen. Bóyá ọpọlọ rẹ̀ ti ń gbàgbé. Ọ̀dàlẹ̀ tó tún ń ṣarán, aburú méjì.

Òun àti Samsudeen ló wá yẹ ẹ̀wù wa wò. Samsudeen di tèmi mú. Ràmọ́nì di ti Ìyá Treasure mú, ó ní ó gbẹ, ó lọ.


Àlàmísì, 14

Afẹ́fẹ́ kankan ò fẹ́. Omi dà bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ládánì pe ìpè, kò tíì sí ẹni tó yí kẹ́ẹ̀gì po. Cornelius ní kò sẹ́ni tó gbà á. Wọ́n tú àjẹ̀ fún wa, a wa ara wa délé, kálukú ń bú afẹ́fẹ́. Ọyẹ́ ò ní pẹ́ dé. Cornelius ní Àlàmísì tó ń bọ̀ ló kẹ́yìn.


Sátidé, 16

Sodiqat wá láti Ìsẹ́yìn lórí ọ̀kadà, ó gbé mọ́ínmọ́ín dání. Inú mi dùn, mo mú un lọ sí etí omi. Samsudeen sá ìgbòkun rẹ̀ sórí àpáta. Sodiqat fọwọ́ kàn án, ó ní, "Òwú yìí mà ṣì mọ́ o. Wọ́n ní kò ní pẹ́ kó tó dọ̀tí."

Mo ní, "Ta ni wọ́n?"

Ó yọ ọwọ́ kúrò lára aṣọ náà.

"Sodiqat. Ta ló sọ ọ̀rọ̀ òwú Samsudeen fún ọ?"

Ó ń wo ilẹ̀. "Bàbá, èmi ni mo kó òwú náà wá."

Mo jókòó sórí àpáta.

Ó ní, "Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo bẹ Bàbá Waheedat. Mo kúnlẹ̀ fún wọn. Wọ́n kọ́kọ́ kọ̀, mo tún padà wá. Mo ní bí wọ́n bá jókòó sínú ọkọ̀ yín, ẹ ó máa gbà á, ẹ ò ní kúrò níbí títí omi yóò fi gbé yín lọ. Ẹ ṣubú sómi lọ́dún tó kọjá, Bàbá."

"Mo sọ̀kalẹ̀ lọ wẹ̀ ni."

"Pẹ̀lú fìlà?"

"Fìlà náà dọ̀tí."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, gbogbo ohun tó sì ń wá sí mi lẹ́nu, ẹ̀fẹ̀ ni. Ọmọ mi àti ọ̀rẹ́ mi. Wọ́n jókòó, wọ́n wọn òwú, wọ́n jọ gbìmọ̀ bí mo ṣe máa pàdánù, lẹ́yìn náà ọ̀kan wá bá mi jẹ ẹ̀wà, èkejì ń pè mí lórí fóònù pé ìlérí ni ìlérí. Mi ò jẹ mọ́ínmọ́ín náà. Mo gbé e fún Ìyá Treasure.


Sọ́ńdè, 17

Mo lọ bá Ràmọ́nì nílé. Ó ń gé èékánná lẹ́nu ọ̀nà.

Mo ní, "Ọ̀dàlẹ̀, ẹ kú iṣẹ́ o." Èmi náà fi ẹ kún un.

Ó ní, "Jókòó, Tàjù."

"Mi ò jókòó. Mo kàn wá kí ahunṣọ ni. Ṣé wọ́n sanwó iṣẹ́ dáadáa? Ètè aṣọ náà pọ̀ o, ó tó fi ẹnu ko gbogbo abúlé."

Ó gbé abẹ sílẹ̀. Ó ní, "Nígbà tí mo fà ọ́ jáde lọ́dún tó kọjá, o ò mí. Mo gbé etí lé ọ láyà, mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo ń pe orúkọ rẹ, mo ń pe orúkọ ìyá rẹ. O wá lajú. Ṣé o mọ ohun tí o kọ́kọ́ sọ?"

Mo mọ̀ ọ́n.

"O ní, 'Àpò sìmẹ́ǹtì, ṣé ìwọ náà lè lúwẹ̀ẹ́?' Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi lọ sí ẹ̀yìn ààrò, mo sunkún."

Mo ní, "Èéfín ni."

Ọlọ́run ló mọ̀ pé mi ò pète rẹ̀. Ẹnu mi ló sọ ọ́ kí n tó bá a níbẹ̀. Ràmọ́nì rẹ́rìn-ín díẹ̀, irú ẹ̀rín tí kò dé ojú.

Ó ní, "Ṣé o rí i? Kò sí bí èèyàn ṣe lè sọ ọ́ fún ọ. Aṣọ ni mo lè hun, mo wá hun ún."

Mo ní lọ́jọ́ tí wọ́n bá kó mi lọ sí yàrá onífáànù, kó má wá kí mi. Mo ní bí mo bá kú, kó má tẹ̀lé wọn débi sàréè mi. Mo lọ. Kò pè mí padà.


20 Oṣù Kọkànlá

Ètè mi ti ń là. Eruku wà lójú ọ̀run láàárọ̀. Ọyẹ́ ti dé ẹnu ọ̀nà.


Àlàmísì, 21

Èmi ni mo gbà á. Mẹ́ta sí méjì. Mi ò lọ síbì kankan.

Báyìí ló ṣe rí. A yí kẹ́ẹ̀gì po, èmi àti Samsudeen, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, ọkọ̀ rẹ̀ wà ní òsì mi. Àwọn tó kù ti wà lẹ́yìn pátápátá. Bí a ṣe kọjú sílé, afẹ́fẹ́ kú. A dúró. Ìgbòkun tèmi bò mí, tirẹ̀ bò ó, oòrùn ti fẹ́ wọ̀. Àwọn èèyàn dúró sórí Àpáta, wọ́n ń pariwo. Samsudeen ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká tọrọ àdúrà." Mo ní kó tọrọ tirẹ̀, Ọlọ́run ti mọ tèmi. Ìyá Treasure kọ ẹ̀yìn sí mi, ó dì mọ́ òpó, ó ń bá afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bẹ ọmọ kó jẹun. Ràmọ́nì jókòó síwájú ọkọ̀ Samsudeen.

Afẹ́fẹ́ kékeré kan wá bá mi. Èémí kan báyìí. Kò dé ọ̀dọ̀ Samsudeen, ó gbé imú ọkọ̀ mi kọjá tirẹ̀ wẹ́rẹ́. Ládánì pe ìpè.

Cornelius ní kí wọ́n yẹ ẹ̀wù wò. Samsudeen ń bá okùn jà, inú ń bí i, Ràmọ́nì ló wá. Ó di apá ẹ̀wù mi mú. Cornelius bi í bóyá ó gbẹ. Ó ní ó gbẹ.

Wọ́n gbé mi sọ́rùn. Mo ṣe yẹ̀yẹ́ gbogbo wọn, ọ̀kọ̀ọ̀kan.


Jímọ́, 22

Sodiqat pè. Ó ti gbọ́. Ó wá ní, "Ó dáa, Bàbá. Mo ti gbà. Màá gbé fáànù náà wá fún yín."

Mo ní iná wo ni màá fi tàn án?

Ó ní kí n máa wò ó.


25 Oṣù Kọkànlá

Ọyẹ́ dé lánàá. Gbogbo wọn ti ká ìgbòkun. Ràmọ́nì jókòó sí apá ọ̀tún ní mọ́sálásí ní Jímọ́. Mo jókòó sí apá òsì. Bí a ṣe ń jáde, bàtà wa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó yọ tirẹ̀ kúrò jẹ́jẹ́.

Ìyá Treasure bá mi láàárọ̀ yìí, ó gbé ẹja wá. Ó jókòó. Ó ní, "Bàbá Sodiqat, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan. Afẹ́fẹ́ ọjọ́ Àlàmísì yẹn, apá ibo ló ti wá?"

Mo ní apá àpáta.

Ó ní, "Torí mo ń wo èéfín mi. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ó dúró ṣánṣán lọ sókè láti ìgbà tí a ti yí kẹ́ẹ̀gì po títí Ládánì fi pè. Kò tẹ̀ síbì kankan."

Mo ní ẹja náà tóbi. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dìde, ó lọ.

Kò sí afẹ́fẹ́ kankan ní Àlàmísì yẹn. Ọwọ́ òsì mi ni mo rì sínú omi, lábẹ́ ìgbòkun tó bò mí, tí Àpáta ò lè rí, mo sì ń wà á díẹ̀díẹ̀. Samsudeen ń wo ojú ọ̀run. Ràmọ́nì yíjú, ó rí mi. Mi ò yọ ọwọ́ náà. A ń wo ara wa, mo ń wa omi, títí ìpè fi dún.

Apá ẹ̀wù mi tutù dé ìgbọ̀nwọ́. Omi ń kán lára rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ mi. Ràmọ́nì wá, ó fi ara rẹ̀ dí mi mọ́ Cornelius, ó di apá ẹ̀wù náà mú, ó fún un, omi ṣàn gba àárín ìka rẹ̀. Ó ní, "Ó gbẹ." Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí ẹ̀yìn ṣòkòtò. Lẹ́yìn náà gbogbo wa lọ ṣe àlùwàlá, apá ẹ̀wù oníkálukú tutù, kò sì sí ẹni tó lè mọ tèmi yàtọ̀.